Ibi Tí Àǹtí Onígíláàsì Wò

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Àǹtí Onígíláàsì. Kì í ta gíláàsì o. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí fèrèsé ti kéré, tí òórùn oògùn sì máa ń ta èèyàn nímú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tẹ́ ẹran ara àwọn aláìsàn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kó sì fi aró kùn ún, kí dókítà lè rí ohun tó fẹ́ wò.

Mo bá a lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, nítorí náà mo lè ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe rí i. Bí wọ́n bá ti gé ẹran bíńtín lára aláìsàn, wọn á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú oògùn títí tó fi máa le. Lẹ́yìn náà wọn á da ìda gbígbóná bò ó, ìda náà á tutù, á wá dà bí ọṣẹ kékeré tí nǹkan há sí láàárín. Àǹtí Onígíláàsì á gbé e sórí ẹ̀rọ tó ní abẹ, á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ìda á sì máa jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó máa ń tẹ́ ẹ sórí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè nà dáadáa, á wá ti gíláàsì bọ abẹ́ omi, á sì gbé e jáde jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ewé gbé lójú odò. Bó bá ń ṣe èyí, kì í mí. Mo wò ó dáadáa. Kì í mí.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Abẹ, nítorí òun ló ń pọ́n abẹ fún gbogbo wọn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé pé, "Ọmọ, ẹni tó bá sín nínú yàrá yìí, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ bá aláìsàn pé kó wá fún wa ní òmíràn o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo di imú mi mú títí a fi jáde.

Ilé Àǹtí Àgbà ni a jọ ń gbé. Àǹtí Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ti Àǹtí Onígíláàsì. Aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì gígùn tó ti ń gé aṣọ, àti dígí kan tó ga ju mi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ Àǹtí Onígíláàsì dàgbà, kò sì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ rí.

Bí Àǹtí Onígíláàsì bá ti ń wọlé láti ibi iṣẹ́, Àǹtí Àgbà á gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ.

"Onígíláàsì, o ti dé? Ẹran ta lo tún gé lónìí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ aṣọ yín o," á wí fún àwọn oníbàárà. "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fọwọ́ kàn bọ̀. Mo ní kó wá kọ́ ìránṣọ, ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, àṣé alápatà ni."

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Àǹtí Onígíláàsì náà á rẹ́rìn-ín, á sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Àǹtí Àgbà fúnra rẹ̀ ló rí kókó tó yọ lára rẹ̀. Ó ń wọn bùláòsì oníbàárà kan lára ara rẹ̀, nítorí ìwọ̀n àyà wọn bára mu. Téèpù gun orí nǹkan kan lábẹ́ ọyàn òsì. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dà bí bọ́tìnnì tí èèyàn rán mọ́ inú aṣọ. Ó parí wíwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó gé bùláòsì náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi di bí ẹyin.

Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí Àǹtí Onígíláàsì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti àwọn méjèèjì la jọ lọ gbọ́ èsì àkọ́kọ́. Dókítà tó ń tọ́jú ọyàn jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tí ojú rẹ̀ sì wà lára kọ̀ǹpútà.

"Jẹjẹrẹ ni. Irú tó le ni," ó ní. "Àwọn jẹjẹrẹ ọyàn kan wà tó ní ilẹ̀kùn lára, oògùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Oríṣi ilẹ̀kùn mẹ́ta la máa ń wá. A wá a lára tiyín, kò sí ìkankan."

"Ṣé ilé ni wọ́n kọ́ sí mi láyà ni, dókítà?"

Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ohun kan ṣì kù tí àwọn fẹ́ wò. Ara èèyàn ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, wọ́n kéré gan-an, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kiri. Lára àwọn kan, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń já wọ inú jẹjẹrẹ náà, wọ́n á kún ibẹ̀. Lára àwọn mìíràn, wọn kì í débẹ̀ rárá.

"Tí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ìrètí yín pọ̀, oògùn tó fúyẹ́ sì lè tó yín. Tí wọn ò bá sí, àìsàn yìí á sáré jù yín lọ, àfi ká tètè fún yín ní èyí tó le."

"Kí ni èyí tó le yẹn ń ṣe fún èèyàn?"

"Irun á re. Èébì. Ìka lè kú tipiri. Ti ẹlòmíì kì í padà bọ̀ sípò mọ́."

Àǹtí Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Aránṣọ ni mí," ó ní.

"Wọ́n ti kọ ọ́ síbí," ni dókítà náà wí.

Nígbà tí a délé, Àǹtí Àgbà kọjú sí Àǹtí Onígíláàsì.

"Ìwọ lo máa kun ẹran yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Èmi ni wọ́n máa gbé e fún."

"Wò ó fún mi. Mi ò lè máa dúró de ọmọbìnrin tí kì í wojú èèyàn yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò gbà wá láyè. Ọ̀gá wa ló ń kà á. Èmi kàn ń kùn ún ni."

"Láti ọjọ́ tó o ti wà níbẹ̀, o ò lè wo nǹkan kó o mọ̀ ọ́n? Kí wá ni wọ́n ń fi ẹ ṣe? Gíláàsì fífọ̀?"

Àǹtí Onígíláàsì gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti gbà.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà wà. Aró tí wọ́n fi ń wá àwọn ọmọ ogun ara máa ń sọ wọ́n di búráùn, gbogbo ìyókù á sì jẹ́ búlúù fẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n aró lè bàjẹ́. Tí kò bá sí búráùn lórí gíláàsì kan, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ ogun ni kò sí, àbí aró ni kò ṣiṣẹ́? Nítorí náà, lórí gíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi ẹran mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti aláìsàn. Bélúbèlú ni, ẹran kékeré tó máa ń wú ní ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí wọ́n gé lára ọmọ kan lọ́jọ́ tó ti pẹ́, nítorí àwọn ọmọ ogun máa ń kún inú rẹ̀ bámúbámú. Tí bélúbèlú bá ti di búráùn, aró ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Òkè gíláàsì ni ẹlẹ́rìí máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Ìsàlẹ̀ ni ti aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí Àǹtí Onígíláàsì tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Onígíláàsì ń tẹ́ ti Àǹtí Àgbà, ó rántí pé nígbà mìíràn aró kì í dé ìsàlẹ̀ gíláàsì dáadáa. Kì í ṣẹlẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé tí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí èyí ńkọ́? Tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní ọmọ ogun, nígbà tó ní, tí wọ́n sì fi oògùn pa á níka lásán ńkọ́? Ló bá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkè, ibi tó dára jù. Ó gbé ẹlẹ́rìí sí ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló kun ún, láàárín gíláàsì àwọn aláìsàn rẹpẹtẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó wo méjì nínú ti àwọn ẹlòmíì, ó rí i pé aró ti mú dáadáa. Ó wá gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù àtijọ́ tó wà ní igun yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ kò bi orí rẹ̀ léèrè, ó ti gíláàsì náà sí ìsàlẹ̀ tààrà, ibi tí aláìsàn máa ń wà lójoojúmọ́.

Búráùn ni gbogbo rẹ̀. Ó ní wọ́n pọ̀ bí èèrà tó bo ṣúgà. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹran. Àwọ̀ ló mọ̀, àwọ̀ ló sì rí. Bàbá Abẹ pè é láti òdìkejì yàrá pé kó wá mú abẹ rẹ̀, ó bá yọ gíláàsì náà kíá, ó nu ojú, ó sì dá a padà sáàárín àwọn ìyókù.

Kò jókòó nígbà tó délé. Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà, ohun tí kì í ṣe rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kún ibẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ ogun. Wọ́n kún ibẹ̀ bámú. Mo fojú mi rí i."

Àǹtí Àgbà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó dìde, ó di àbúrò rẹ̀ mú léjìká méjèèjì, ó sì yí i ká bí ẹni tó ń wo aṣọ lára oníbàárà.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí o! Dókítà kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò lè wojú èèyàn, àbúrò mi ti wo inú ọyàn mi ó ti jáde!"

Láti ọjọ́ náà, ilé wa yí padà. "Ojú Mi" ni Àǹtí Àgbà ń pe Àǹtí Onígíláàsì. "Ojú Mi, ṣé o ti jẹun?" "Ojú Mi, wá jókòó síbí." Ó rán kaba kan fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Inú Àǹtí Onígíláàsì dùn débi pé ó ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Èmi náà rò pé bó ṣe máa rí títí lọ nìyẹn.

Ilé ìwé kan ti gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù tó pọ̀ wá fún Àǹtí Àgbà. Ó ní òun á kọ́kọ́ parí rẹ̀, lẹ́yìn náà òun á lọ gba oògùn tó fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn pé èsì ti jáde, mo wà nítòsí.

"Mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ ṣeun," ó ní. "Rárá o, mi ò ní lè wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ẹ fi sùúrù dúró." Ó gé fóònù. "Wọ́n kàn fẹ́ rẹ́ni fi oògùn wọn gbìyànjú ni."

Wọ́n tún pè. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́.

Kókó náà ń dàgbà. Òmíràn yọ sí abíyá. Àǹtí Onígíláàsì ní kó jẹ́ kí àwọn lọ rí dókítà, Àǹtí Àgbà sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní ogun ń jà níbẹ̀? Ṣé o rò pé wọ́n á jà kí ibẹ̀ má rú ni?" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó ń ka gíláàsì ní ibi iṣẹ́ Àǹtí Onígíláàsì, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó ní àṣà kan. Lóṣooṣù, ó máa ń kó gbogbo wọn jọ, á pa iná yàrá, á sì fi àwọn gíláàsì tó ní àléébù hàn lára ògiri, kí wọ́n lè kọ́ ẹ̀kọ́. Àmọ́ ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín jù níbẹ̀. Tí ó bá fi èyí tí ọmọ ogun kún inú rẹ̀ hàn, wọn á pariwo pé, "Wọ́n ti dé!" Tí kò bá sí ọmọ ogun, wọn á ní, "Bárékè ṣófo!" Wọn kì í ro ti ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀.

Àǹtí Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló sọ ti ọjọ́ kan fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà títí tó fi sọ ọ́ tán. Ó ní Ojú Àwòdì fi gíláàsì kan hàn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ṣe ìṣekúṣe yìí? Ẹlẹ́rìí wà nísàlẹ̀, aláìsàn wà lókè. Ṣé a ti ń fi orí rìn níbí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Abẹ ní, "Ọ̀gá, bóyá ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀ tán, ó fẹ́ lọ jókòó."

"Ẹ máa fi ṣeré. Ká ní mi ò mọ ọ̀fun yàtọ̀ sí ọyàn ni, mi ò bá ti kọ ọ́ pé obìnrin yìí máa pẹ́ láyé ṣe ìyá ìyàwó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá wo òkè. Kí lẹ rí?"

Búlúù fẹ́rẹ́ ni gbogbo ògiri. Kò sí ẹyọ búráùn kan.

"Bárékè ṣófo!" ni gbogbo wọn pariwo.

Ohùn Àǹtí Onígíláàsì wà nínú ohùn tó pariwo náà. Ẹnu rẹ̀ ti la kí ojú rẹ̀ tó dé ibi tí nọ́ńbà wà. Ó ní ẹ̀rín ṣì wà lójú òun nígbà tí òun kà á.

Kò sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Wọ́n tan iná, kálukú padà sídìí iṣẹ́.

Ó délé kí àwọn oníbàárà tó lọ tán, ó sì jókòó sínú kaba tuntun rẹ̀ títí ó fi ku àwa nìkan. Àǹtí Àgbà ń ká etí sòkòtò ọmọ ilé ìwé kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mo wò kọ́ ni tiyín."

"Kí lo ní?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí òun ṣe fún un ní òkè àti bí ọwọ́ òun ṣe lọ sí ìsàlẹ̀. Àǹtí Àgbà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí tó fi ká etí sòkòtò náà yípo.

"Ọ̀fun ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ọmọ kan ni. Ó ti pẹ́."

"Ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ ọyàn rẹ̀ mú, bóyá torí ó ń dùn ún. "Mo ti ń fi ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ yangàn káàkiri àdúgbò. Èmi tí mo ní ogun láyà!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Mo kàn fẹ́ kí aró yẹn mú tiyín ju ti gbogbo èèyàn lọ ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n…"

"Mo ní kó o wò ó. Mi ò ní kó o fẹ́ràn mi."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá dókítà. Obìnrin náà wojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "A pè yín," ó ní. "A pè yín títí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tó le náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Irun rẹ̀ re. Ìyẹn kò dùn ún. Ìka rẹ̀ ló dùn ún. Ó ní bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn ló rí, tí kò sì rí i bọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gba inú ìka rẹ̀ kọjá, kò mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ hàn lára aṣọ oníbàárà. Oníbàárà náà kò bínú. Ó kàn ká aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní Àǹtí Onígíláàsì ló máa máa bá òun ti gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo yọ̀ǹda ara mi, ó ní òun kò pè mí. Ó máa ń dúró lé e lórí.

"Wò ó dáadáa o. Ojú abẹ́rẹ́ wà lókè ni, àbí ó wà nísàlẹ̀?"

"Òkè ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dá ẹ lójú? Má lọ ki òwú bọ ọ̀fun ẹni ẹlẹ́ni."

Gbogbo oníbàárà tó wọlé ló sọ fún. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé àdúgbò. Àwọn ọmọ tí mò ń bá lọ sí ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àǹtí Onígíláàsì ní Ìyá Ọ̀fun. Tó bá ń kọjá, wọn á la ẹnu wọn gbàgà, wọn á ní, "Àǹtí, ẹ bá wa wò ó, ṣé ogun wà níbẹ̀?" Bàbá mi ní kó kó lọ sí ibòmíràn. Àǹtí Onígíláàsì ní ta ló máa wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Oògùn náà sáré, ṣùgbọ́n àìsàn ti tàn kọjá ọyàn kó tó dé. Kókó yọ lọ́rùn Àǹtí Àgbà, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ pé oògùn kan ṣoṣo ló kù tí àwọn lè gbìyànjú.

"Kì í pa jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀," ó ní. "Ó máa ń jí àwọn ọmọ ogun tí jẹjẹrẹ ti kùn lóorun ni. Ṣùgbọ́n kò lè jí ẹni tí kò sí. A máa gé díẹ̀ nínú kókó ọrùn yìí, ká wò ó. Tí ọmọ ogun bá wà, àní kó jẹ́ díẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀."

"Tí kò bá sí ńkọ́?"

"Nígbà náà a ó máa bá yín dín ìrora kù."

Àǹtí Onígíláàsì ní òun á bẹ Bàbá Abẹ kó bá òun tẹ́ ẹ. Àǹtí Àgbà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ìwọ ni. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì. Wá ṣe é, kó o wá fẹnu ara ẹ sọ fún mi."

Ó ṣe é. Ó ní òun tẹ́ ẹ bí òun ṣe ń tẹ́ ti gbogbo èèyàn. Nígbà tó kùn ún tán, ó gbé e lọ fún Ojú Àwòdì, ó sì sọ fún un pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, àti pé tirẹ̀ náà ni èyí tí ẹlẹ́rìí wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́sí. Ọkùnrin náà fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀. Máíkírósíkóòpù tirẹ̀ ní ojú tí èèyàn méjì lè jọ fi wò ó.

"Jókòó, ká jọ wò ó," ó ní. "Kó o má tún lọ gbé ìtàn lọ bá a."

Wọ́n wo ẹlẹ́rìí: búráùn. Wọ́n wo ti Àǹtí Àgbà láti etí dé etí. Búlúù. Àǹtí Onígíláàsì ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Ojú Àwòdì yọ ojú kúrò níbẹ̀, ó sì nu awò ojú rẹ̀. Àǹtí Onígíláàsì ń wò ó lọ, bóyá ọ̀kan lè wà tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Àǹtí Àgbà nígbà tó wọlé. Ojú Àǹtí Àgbà ti jìn wọnú, ọrùn rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n gbé òun jókòó, kí n sì wé gèlè fún òun. Ó ti ń retí rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Mo ní kí lo rí? Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

"Wọn ò sí."

"Kò sí ọ̀kan?"

"Kò sí ọ̀kan."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mejì la wò ó."

Àǹtí Àgbà wò ó títí. Mi ò rí i kí ó sunkún rí, kò sì sun ún níbẹ̀ náà.

"Ìgbà tó yẹ kó o purọ́ fún mi nìyí," ó ní. "O ò tiẹ̀ mọ ìgbà."

Ó yí ojú sí ògiri. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò kú lọ́jọ́ yẹn. Ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Ó ń bá ẹni tó ń nu ilẹ̀ jà. Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú. Àǹtí Onígíláàsì ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, á kúnlẹ̀ kí i, á sì fa àga ike kan jókòó tì í.

"Sọ fún obìnrin yẹn kó sún sẹ́yìn," Àǹtí Àgbà á wí fún mi. "Kò jẹ́ kí n mí."

Mi ò kì í fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sì ní láti sọ ọ́, nítorí Àǹtí Onígíláàsì ti gbọ́. Á dìde, á sún àga náà díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, Àǹtí Àgbà á tún ní kó sún. Bẹ́ẹ̀ ló ń sún un, ó kọjá ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó kọjá àpótí oògùn, ó kọjá ibùsùn ẹni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Àǹtí Àgbà kú, ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Onígíláàsì jókòó sí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó sáré wọlé ní kó jọ̀ọ́, kó gbé àga náà kúrò lọ́nà.